Orin Tí Mo Fi Ohùn Mi Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tó máa ń wá bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?", ẹ sún mọ́ mi. Mi ò ní yan iṣẹ́ fún yín. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí fi ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tún rédíò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ṣe, iṣẹ́ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí n tó kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kú, ìmọ̀ràn wo ló fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ? Ohun tí mo lè ṣe ni kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí mo fi pa mọ́ fún ìyàwó mi, fún ọ̀gá mi, fún wòlíì ìjọ wa pàápàá, títí di ọdún yìí. Mo ba nǹkan obìnrin kan jẹ́, nǹkan tí kò ní èkejì láyé, mo sì panu mọ́.

Sakété, nílẹ̀ Ànàgó wa níhìn-ín, ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Dòsà. Ẹ̀gùn ni, ọmọ Àjàṣẹ́, àmọ́ ó gbọ́ Yorùbá ju àwa tí a bí sínú rẹ̀ lọ. Bí bàbá mi ṣe mú mi lọ bá a àti ohun tí wọ́n san, ìyẹn ò ládùn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọkùnrin kúkurú ni, inú rẹ̀ sì yá láti bí. Fún odidi ọdún kan kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń fetí sílẹ̀. Bó bá tan rédíò tó bàjẹ́, á yíjú sí mi pé, "Kí ló ń ṣe é?"

Lọ́jọ́ kan, orin kan ń lọ nínú rédíò, orin náà dùn, orí mi ti ń mì sí i. Ọ̀gá ní, "Kí ló ń ṣe é?" Mo ní, "Ọ̀gá, ó ní ìyàwó òun ti kó ẹrù lọ." Páù! Ìdí túnàfíìsì tí a fi ń tú ìdè ẹ̀rọ ló fi kó mi lórí.

"Ta ló bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ìyàwó oníyàwó? Ohùn ń ya, ìwọ ò gbọ́! Wáyà kan ti fẹ́ já níbi tí ohùn ń gbà jáde. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá fún wa, ẹ̀rọ ló ní ká tún ṣe, kò ní ká bá òun jó. Etí kan ò lè ṣe iṣẹ́ méjì."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fara dà á. Mo kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn bí kúráǹ, iná mànàmáná yẹn, bá ń wọ ibi tí kò yẹ, mo kọ́ bí ohùn ṣe ń ṣe họ̀ọ̀ bí ìdọ̀tí bá bo orí tó ń ka téèpù, mo kọ́ bí rọ́bà tó ti dẹ̀ ṣe ń fa ohùn akọrin gùn títí tí obìnrin á fi máa dún bí ọkùnrin tó mutí. Nígbà tó di ọdún kẹrin, mo lè dúró lódìkejì títì kí n sọ ohun tó ń ṣe rédíò aládùúgbò. Àmọ́ orin fúnra rẹ̀ ò wọ etí mi mọ́. Wọ́n lè máa fi orin kéde ikú bàbá mi níwájú mi, ohun tí màá sọ ni pé, "Ohùn ẹ̀rọ yìí ti fẹ́ há."

Òfin kan tún wà tí Ọ̀gá Dòsà kò fi ṣeré. Ẹ̀rọ tó bá ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ṣe ń dán an wò ni pé a ó tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, ti pupa ni ọ̀kan, a ó ka ení dé ẹ̀wá ketekete, a ó dá téèpù padà, a ó gbọ́ ọ. Kásẹ́ẹ̀tì tiwa la fi ń ṣe é. Tèmi wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ yọ ti oníbàárà síta kí ẹ tó fọwọ́ kan pupa!" Àràárọ̀ ló ń sọ ọ́. Ohùn tuntun kì í jókòó lórí ohùn àtijọ́ nínú téèpù. Ṣe ló ń lé e jáde, kò sì sí ọ̀gá tó lè pè é padà.

Nígbà tó tú mi sílẹ̀, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Pobè, lójú ọ̀nà ọjà. Múnírù tó ń ránṣọ ni aládùúgbò mi lápá ọ̀tún, obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò ló wà lápá òsì. Iṣẹ́ wọlé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba ń gbé rédíò wọn wá, àwọn onítakisí Sakété ń gbé ti ọkọ̀ wá, àwọn oníṣòwò mùsùlùmí ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí wá, ìjọ wa aláṣọ funfun sì ń gbé gbohùngbohùn wá ní ọ̀sẹ̀ ìkórè. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣọ́ọ̀bù rẹ ni orin pọ̀ sí jù ní Pobè, o ò sì mọ ẹyọ kan." Irọ́ kọ́ ló pa. Nínú ìjọ, bí gbogbo ènìyàn bá ń kọrin, ẹnu mi a máa mì, àmọ́ gbohùngbohùn ni mò ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń dun mí.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ ọjà ni. Obìnrin kan wọlé, ó fi ìborùn bo orí, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan tó fi aṣọ wé bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Takon ni mo ti ń bọ̀. Ó ń jẹ téèpù, kì í sì í gba ohùn mọ́." Ó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ náà. "Kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ńkọ́, ẹ bá mi rọra ṣe é. Ohun tó wà lójú kìíní, kò sí níbòmíràn."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní òun ń lọ ra nǹkan lọ́jà, òun á yà kí oòrùn tó wọ̀.

Mo tú u, mo nù ún, mo pa rọ́bà dà. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dán an wò, ó ń lọ, kò jẹ téèpù mọ́. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ku kí n dán bọ́tìnì pupa wò. Mo ti nawọ́ sí ìṣó. Ìgbà yẹn gan-an ni ariwo ta níta. Múnírù ló já wọlé, ó fi ọwọ́ kan mú aṣọ ìyàwó tó kù ìdajì, ó fi ọwọ́ kejì wọ́ ewúrẹ́ ní ìwo kan ṣoṣo tó ní. Gbogbo àdúgbò ló mọ ewúrẹ́ oníwo kan yẹn. Tèmi ni.

Mo ní, "Dúró ná, Múnírù, jẹ́ kí n parí èyí," mo sì tẹ bọ́tìnì méjèèjì. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá." Múnírù ò dúró. "Ewúrẹ́ ta ló jẹ aṣọ ìyàwó? Dá mi lóhùn! Ọ̀la ni wọ́n máa gbé ìyàwó!" Mo gbàgbé ẹ̀rọ. Mo ní ewúrẹ́ mi kì í jẹ léèsì, ó ní ewúrẹ́ oníwo kan mélòó ló wà ládùúgbò. Ó ní kí n wo ẹnu rẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀, léèsì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín pa obìnrin oníbẹntiróòlù, ó pa èmi náà, ó wá pa Múnírù fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó tó ìdajì wákàtí tí a ti wà lórí rẹ̀, a ṣì ń rẹ́rìn-ín, ni bọ́tìnì fò sókè fúnra rẹ̀: ojú kásẹ́ẹ̀tì ti tán.

Nígbà tí Múnírù lọ, mo dá a padà, mo gbọ́ ọ. "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Ó mọ́ gaara. Mo ní nínú ara mi pé, "Èmi náà mà mọṣẹ́ o." Mo gbójú sókè. Kásẹ́ẹ̀tì tèmi wà lórí ìṣó.

Mo gbọ́ ojú kìíní yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá mo lè rí ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi, Múnírù àti ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Obìnrin náà padà dé. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì: bí mo bá ti sọ gbolóhùn yẹn fún un lọ́jọ́ náà, bóyá ìtàn yìí ì bá má sí. Àmọ́ mo ti yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì, níbi tí wọ́n ti ń lùlù àpèjẹ kan. Mo tan án. Ó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́." Mo ní, "Àmín." Ẹ ò rí ẹnu mi! Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù orúkọ. Ọjọ́ ọjà mẹ́rin, márùn-ún, mo ń wo ojú ọ̀nà pé yóò wá bú mi. Kò wá. Mo bá ń sọ fún ara mi pé bóyá kì í ṣe nǹkan ńlá ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà lójú wa. Àwo sídì dé, kásẹ́ẹ̀tì di ohun tí àwọn ọmọdé fi téèpù rẹ̀ ń ṣe irun ọmọláńgídí. Kò pẹ́, kátì kékeré tí wọ́n ń kó orin sí, tí kò tó èékánná, lé sídì lọ. Rédíò tuntun dé, wọ́n ti lẹ gbogbo inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ pátákó kan, fẹ́ẹ̀rì gbígbóná tí mo fi ń lẹ wáyà kò rí ibi wọ̀. Ẹni tó bá gbé e wá, mo máa ń sọ òótọ́ fún un: tuntun ò wọ́n ju àtúnṣe lọ. Ìgbà tó yá, àwọn tó ń wọlé wá ò gbé ẹ̀rọ dání mọ́, wọ́n kàn fẹ́ kí n bá wọn fi kúráǹ sí fóònù ni. Ọ̀gá Dòsà kú, Múnírù náà kú. Ojú mi ò rí wáyà tín-ín-rín mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sinmi.

Ọdún yìí ni mo ń lọ síbi ìkórè ìjọ wa ní Sakété. Mo gun zémíjàn. Ọmọkùnrin tó wà á so gbohùngbohùn kékeré kan mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀, orin ń jáde níbẹ̀. Etí mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù. Àléébù pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí etí mi mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ayé tuntun ni. Ó wá a tì, ó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ orin wá ń wọlé. Ohùn obìnrin ni, ohùn tó ti gbó díẹ̀, tí kò kánjú:

Ẹni tó gbin ọ̀pẹ, ó jókòó,
ẹni tó ń kọ ẹyìn, ó ń sáré.
Ọ̀pẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọmọ náà. Èmi tí mo ti rí àwọn tó ń gbìn ín àti àwọn tó ń kọ ọ́ ní Pobè láti ìgbà èwe! Ọ̀pẹ ń kí wọn, kò sọ ẹni tó ni ín! Mo ní, "Ta ló ń kọrin yìí?"

"Sìfáwù Takon ni. Bàbá, ẹ ò mọ Sìfáwù? Ó ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi! Òun ló ń ṣe orin rẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbo lẹ ti wà?"

Mo ní, "Inú rédíò ni mo wà."

Òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ní èyí ni gbogbo ènìyàn fi ń jó, tí wọ́n á máa na ìka sókè:

Mo gbé ìyá mi fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe,
ó ní ení, èjì, ẹ̀ta.
Mo ní, ìyá mi dà?
Ó ní ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà.

A dé, ó pa á. Mo ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, àwọn tó ń ka ènìyàn nílé-nílé ni. Wọ́n á wọlé, wọn ò ní kí ìyá àgbà, wọ́n á kàn máa kà." Mo mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìjọ. Alàgbà kan ní rárá, ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n ń kà. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi Róńkẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ní Pobè, ní ìbò ni wọ́n ń kà. Èmi ní tèmi rò pé ìyá arúgbó kan ni wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kó máa tọ́jú rẹ̀, ìyàwó ilé wá ń ka ọjọ́ tí ìyá máa lọ. Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ tèmi gan-an. Ìyàwó mi ní ta ni mò ń bú.

Róńkẹ́ bá mi wá orin Sìfáwù sórí fóònù. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún dáadáa, mo sì ń gbọ́ orin fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá jókòó sẹ́yìnkùlé, màá gbọ́ ìlà kan, màá dá a dúró, màá rò ó. Èyí kan wà:

Mo ra àtùpà, mi ò ra epo,
mò ń wo iná aládùúgbò.
Ẹ má bú mi, iná náà ò bú mi,
ó mọ́lẹ̀ dé orí ẹsẹ̀ mi.

Róńkẹ́ ní ọ̀lẹ ni orin náà ń bá wí. Mo ní, "Níbo lo ti rí ọ̀lẹ? Ọpẹ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíràn kì í ṣahun." A jà sí i fún ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó borí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Mo ń bi ara mi pé irú èyí mélòó ló ti gba ọwọ́ mi kọjá ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń wá wáyà tó já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Róńkẹ́ wọlé tijó-tijó. Ó ti rí orin kíkà náà ní odindi. Ti ọmọ zémíjàn ò dé òpin. Mo ní, "Tan án, ká mọ ẹni tó jàre."

Mo ní, ìyá mi dà?
Ó ní èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá.
Mo tún fetí sí i,
ó ní, "Ewúrẹ́ ta ló jẹ aṣọ ìyàwó?"
Ewúrẹ́ oníwo kan, ewúrẹ́ oníwo kan,
ìwọ lo jẹ ìyá mi.

Róńkẹ́ ń jó. Mo ní, "Pa á." Kò gbọ́. Mo kígbe, "Pa á, Róńkẹ́!" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ilẹ̀ Ànàgó ń fi mí jó, wọ́n ń na ìka sókè, yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́, èmi nìkan ṣoṣo láyé ni mo sì mọ ìtumọ̀ orin náà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ojú mi ń ṣomi, mo wá sọ ọ́ fún ọmọ mi.

Ó pa orin náà. "Bàbá, ẹ má lọ. Màmá náà ti dàgbà. Ẹ fẹ́ lọ ṣí egbò rẹ̀?"

"Ewúrẹ́ ló rò pé ó jẹ ìyá òun, Róńkẹ́. Múnírù ti kú. Bí èmi náà bá kú, kò ní mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láéláé. Àti pé... mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ní ọjọ́ kẹta mo gba Sakété lọ sí Takon. Wọ́n fi ilé hàn mí. Ó jókòó sábẹ́ òjìji ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́ sínú abọ́. Ìborùn ṣì wà lórí rẹ̀, ojú ti hunjọ. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ò mọ̀ mí. A kí ara wa, mo ní Pobè ni mo ti wá, ó ní kí wọ́n fún mi lómi àti àga. Ojora mú mi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ níbi àtùpà. Mo ní èmi àti ọmọ mi ń jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àtùpà ni. Epo ò sí nílé lọ́jọ́ náà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kí lẹ tún fẹ́ kó jẹ́?" Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn. "Bàbá, ẹni tó ti Pobè wá kò wá nítorí àtùpà. Kí lẹ wá sọ?"

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ewú orí mi. Mo ní, "Màmá, èmi ni mò ń kà. Ewúrẹ́ náà, tèmi ni."

Ọ̀bẹ dúró sínú ẹ̀gẹ́. Mo dojú bolẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo rò gbogbo rẹ̀ láti orí ìṣó dé orí ojú kejì tí mo yí kásẹ́ẹ̀tì sí.

"Ìwọ nìyẹn," ó ní. "O ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo sì súre fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ẹ súre fún mi lọ́jọ́ náà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀gẹ́ ló ń bá sọ ọ́. "Orin tí ìyá mi ṣe fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ ilé ọkọ ni. Kò kọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí àìsàn dá a wó, mo yá ẹ̀rọ, mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú kìíní ni. Èmi yìí, bí mo bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan mo ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò kọ́ èyí. Mo ní ẹ̀rọ ti bá mi kọ́ ọ. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí mo ní kí n gbọ́ ọ, ìwọ ni mo bá níbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò padà wá bá ọ, torí èmi ni mi ò kọ́ ọ; ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bú ewúrẹ́ yẹn kí n má baà bú ara mi. Dìde nílẹ̀, o ti dàgbà jù."

Mo dìde. Ojú ń tì mí. Ó wá wò mí lójú tààrà. "O ní o dán an wò kí o tó tẹ bọ́tìnì. Ìwọ lo gbọ́ ọ kẹ́yìn láyé. Ọ̀rọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ogójì ọdún ti já mi kulẹ̀. "Màmá, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Wọn ò kọ́ wa láti gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Kò sí èyí tó wọ etí rẹ rárá?"

"Àléébù kan ni." Bí ó ṣe bi mí ni mo rántí rẹ̀, mi ò rò ó rí láti ọjọ́ yẹn. "Ohùn náà ń gbọ̀n. Mo rò pé rọ́bà ni. Mo pa rọ́bà dà, ó ṣì ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tan án nítorí rẹ̀. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ohùn á lọ sókè, á dúró díẹ̀, á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, á wá wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibì kan náà ló ti ń gbọ̀n nígbà gbogbo. Mo ní bóyá ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n gbà."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọ̀fun ìyá mi ni," ó ní. "Gbọ̀n ọ́n fún mi."

"Màmá, mi ò kọrin rí láyé mi."

"Mi ò ní kí o kọrin. Mo ní kí o gbọ̀n ọ́n."

Mo di ojú. Mo gbé ohùn sókè, mo dá a dúró, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn adìẹ sá. Ó ní, "Kò ga tó bẹ́ẹ̀." Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má kánjú sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rọra ṣe é. Òun náà ti di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tó ìgbà mẹ́fà tàbí méje kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀, níbi tí ohùn mi ti ń wálẹ̀ gẹ́lẹ́: "Máa bọ̀."

Ó la ojú. "Máa bọ̀ ni. 'Máa bọ̀, máa bọ̀.' Ó fi parí gbogbo ìlà." Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Èmi náà ò nílò láti gbọ̀n ohùn mi mọ́, ó ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Mo dúró kí n lè nu imú.

Ó na ọwọ́ tó kún fún ẹ̀gẹ́ sí mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Má dúró, máa gbọ̀n ọ́n," ó ní. "Ìlà kejì ńkọ́?"